Páìpù Irin Méjì tí Bàbá Olópòó Fi Fa Iná

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Olópòó fi gun òpó iná kí orúnkún ẹ̀ tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́, èèyàn mélòó ló kù tó mọ̀ ọ́n? Olópòó ni gbogbo ayé ń pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tó bá rí wáyà tí wọn ò so dáadáa lójú títì, á dúró, á máa mirí bí ẹni tí wọ́n na ọmọ ẹ̀ lójú ẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin ni, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kékeré tí àwọn aboyún ń lọ. Òun àti bàbá ẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Òun ló ń fi òróró ra orúnkún yẹn láràárọ̀, bó sì ṣe ń rà á ló ń bá a jà, pé ta ló rán an níṣẹ́ ọ̀bọ.

Nígbà tí ilé ìwòsàn yìí wá kọ́ yàrá tuntun fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa fa iná débẹ̀, nọ́ọ̀sì lọ bá mẹ́tírọ̀n, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní bàbá òun mọṣẹ́. Mẹ́tírọ̀n bi í pé ṣé kì í ṣe òpó nìkan ló mọ̀. Ọmọ ní iná ò lórúkọ méjì. Ó fi orúkọ ara ẹ̀ dúró fún bàbá ẹ̀.

Bàbá fa iná yẹn bí ẹni tó ń dirun ìyàwó. Láti ilé jẹnẹrétọ̀ dé yàrá àwọn ọmọ jìn díẹ̀, eku sì pọ̀ lọ́nà ibẹ̀, ló bá ní páìpù irin lòun máa lò, kí eku wá fi eyín gé e wò. Wáyà gbọọrọ méjì ni: èyí tó ń gbé iná lọ, àti èyí tó ń gbé e padà. Ohun tí òpó sì ti kọ́ ọ ni pé wáyà méjì ò gbọdọ̀ fara kanra. Lókè òpó, ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra, òkú ló ń pè. Ló bá ti ọ̀kan sínú páìpù tiẹ̀, ó ti èkejì sínú páìpù tiẹ̀, ó tò wọ́n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dúró, ó ń wò ó. Inú ẹ̀ dùn.

Ibẹ̀ gan-an ló ti bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń mú ọmọ móoru pa pọ̀, iná rẹlẹ̀, gílóòbù pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ẹ̀rọ kẹrin ò tiẹ̀ móoru rárá. Ọmọ tí wọ́n tẹ́ sínú ẹ̀ ò ju bàtà àgbàlagbà lọ. Nọ́ọ̀sì ló gbé e, ó so ó mọ́ àyà ara ẹ̀ títí wọ́n fi kó gbogbo wọn padà sí yàrá àtijọ́. Mẹ́tírọ̀n ò pariwo. Ó ní òun fún bàbá lọ́jọ́ mẹ́ta. Tí iná ò bá dúró, òun á pe ẹlòmíràn, òun á sì mọ etí tí òun máa fi gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì bá tún sọ fóun.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá ò lè gbé mì. Kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, kò burú. Kí wọ́n wá máa fi ojú òpùrọ́ wo ọmọ òun? Ọjọ́ méjì gbáko ló fi tú gbogbo ibi tó ti so wáyà, tó tún un so. Wáyà nípọn tó. Lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀, iná pé. Tó bá fi máa dé yàrá, á ti dín. Bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sọ́nà tó ń bù ú mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n tún tan àwọn ẹ̀rọ náà lófìfo kó lè wò wọ́n. Ó jókòó sórí korobá tó dojú bolẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ìyá tó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ ló gbé agbọ̀n dé, ló bá ń sá aṣọ tútù sórí páìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Bàbá, Ọlọ́run á bù sí i fún yín o,” obìnrin náà wí. “Látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé páìpù yìí síbí, tí mo bá ti rí i pé wọ́n tanná, mi ò wá òòrùn lọ mọ́. Kí n tó yíjú, aṣọ ti gbẹ.”

Bàbá ní kí ló wí. Ó dìde, ó fọwọ́ kan páìpù. Ó gbóná bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ó kan èkejì, bákan náà. Kí ni irin tí iná ò gbà kọjá ń gbóná fún?

Ó ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n fa wáyà méjèèjì jáde, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bó ṣe máa tẹ́ ẹ lórí òpó. Wọ́n tanná: iná mọ́ rekete. Ó ní kí wọ́n da iyanrìn bò wọ́n, kó lè mọ̀ bóyá bíbò ló fà á. Kò yí padà. Wọ́n dá wọn padà sínú páìpù méjì, iná tún wọlé àárẹ̀. Bàbá wá ronú títí, ó ní kí wọ́n ti méjèèjì sínú páìpù kan ṣoṣo. Wọ́n tanná, yàrá sì mọ́ bí ọ̀sán.

Nọ́ọ̀sì ní kó ṣàlàyé fóun, òun ò kàwé iná.

“Wáyà tí iná ń gbà kọjá kì í dá wà, ìyá mi,” Bàbá wí. “Agbára kan máa ń yí i ká, ojú ò rí i. Afẹ́fẹ́ ò dá sí i, iyanrìn ò dá sí i. Irin ló máa ń rọ̀ mọ́ ọn. Iná yìí, lílọ bíbọ̀ ni, kì í sinmi. Ẹni tó dá rìn, tó bá fẹ́ yí padà, á yí padà. Ẹni tí èrò so mọ́ láṣọ ńkọ́? Kó tó yí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Okun tó ń bọ́ lára ẹ̀ níbẹ̀ ló di ooru lára páìpù.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbádùn nínú irin kan náà?”

“Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ohun tí èyí bá tú síta, ìyẹn á pa á rẹ́. Bíi tèmi àti ìyá ẹ. Tá a bá jà nínú yàrá, ara ìta ò gbọ́ nǹkan kan.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Wọn ò sì lè jóra wọn. Ìhòhò ni wáyà orí òpó wà. Àwọn wọ̀nyí ti wọṣọ rọ́bà. Èmi ni mo gbàgbé pé mo ti sọ̀kalẹ̀.”

Mẹ́tírọ̀n wọlé, ó wo iná, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní òun mọ̀, àwọn tó ń ta wáyà ni, ayédèrú ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún bàbá. Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. Ọ̀nà àtibọ́ nínú ẹ̀bi ti là, ó kù kí bàbá ẹ̀ gbabẹ̀ jáde.

“Wáyà ò ṣe nǹkan kan, mà,” Bàbá wí. “Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Tí mo bá dákẹ́, ẹni tó bá máa fa ti yàrá tó kàn á ṣe irú ẹ̀.”

Mẹ́tírọ̀n yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó bi í bóyá bí bàbá ẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn.

“Rárá, mà. Nílé, kì í sọ tó báyìí.”

Mẹ́tírọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, kó lọ gbé ọmọ kékeré yẹn wá, kó fi sínú ẹ̀rọ kẹrin, kí Bàbá sì dúró wò ó. Wọ́n wọ ẹ̀wù funfun fún Bàbá, ó tóbi jù ú lọ. Ó tẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà, ó ń wo ọmọ. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò ní òun ń lọ, nọ́ọ̀sì ló lọ gbé àga wá, tó tì í sábẹ́ ẹ̀ láìbéèrè.