Odalys àti Ibi Ìsápamọ́ Tó Wà Lójú Ọ̀nà

Aṣọ ilé-ìwé ni Odalys Urdaneta ń rán ní ìlú Maracaibo. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, á ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tan kọ̀ǹpútà, ó di alamí ẹgbẹ́ wa nínú géèmù ojú sánmà nìyẹn. Ilé rẹ̀ lèmi náà ti máa ń gbá tèmi, torí iná àdúgbò wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ alamí dùn, ẹ gbà mí gbọ́! Òun ló ń ṣáájú gbogbo wa. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń sáré lọ láàárín ìràwọ̀, á tẹ bọ́tìnnì kan, ibi tó dé lójú ẹsẹ̀ yẹn á sì wà ní ìpamọ́. Ọjọ́ tí ọ̀tá bá lé wa, ibẹ̀ la máa sá lọ. Oúnjẹ ló fi ń sọ wọ́n lórúkọ: Mandoca, Cepillado.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ ńlá Don Eudo là ń sìn lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, odindi ọdún kan ló fi kan ọkọ̀ náà. Nínú géèmù wa, ọkọ̀ tó bá ti fọ́, ó tán nìyẹn.

Ṣàdédé ni ọ̀tá dí ẹnubodè iwájú, ibi tí ọkọ̀ ń gbà bọ́ sí apá ojú sánmà mìíràn. Àwọn mìíràn yọ lẹ́yìn, wọ́n fọ́ ọkọ̀ tèmi yángá.

"Odalys, ibo ni kí n sá sí?" Don Eudo ló ń bi í láti ilé tirẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún létí wa.

"Mandoca! Ẹ máa lọ sí Mandoca!"

Bí ọkọ̀ náà ṣe gbéra ni Odalys di orí mú. "Mo gbé! Mandoca kọ́!"

"Kí ló ṣe é?" ni mo bi í.

"Ìgbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan ni mo fi í pamọ́. Ojú ọ̀nà tààrà ló wà, láàárín ẹnubodè méjèèjì. Ẹni tó bá wo ọ̀nà yẹn lásán á rí i. Cepillado ló fara sin!"

Ọkọ̀ tó ti gbéra kò ṣeé dá padà, àfi tó bá dé ibi tó ń lọ.

"Mo ti débẹ̀ o," ni Don Eudo wí. "Kí ló kàn?"

"Ẹ yí orí rẹ̀ sí Cepillado. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó máa pẹ́ kó tó yí. Ìdí ìyá ìyàwó mi ló ní."

A ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀tá mẹ́ta ti kúrò lẹ́nubodè, wọ́n ń tọ ojú ọ̀nà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Odalys darí ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sáàárín wọn gan-an. Ó kọ ọ́ síbi tí gbogbo wọn ti lè kà á: "Ẹ̀yin adìyẹ, èmi rèé! Àbí ojú ń dùn yín ni?"

Gbogbo wọn yà bò ó, wọ́n fọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ náà. Iná sọ, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣókùnkùn. Ní báyìí, àwa méjèèjì ò rí nǹkan kan mọ́.

"Don Eudo?"

Ìró fáànù ilé bàbá náà nìkan là ń gbọ́. Odalys di apá mi mú, èékánná rẹ̀ ń wọ̀ mí lára.

"Don Eudo, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn!"

Ohùn bàbá náà wọlé. "Mo ti wà ní Cepillado. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé mi. Ọmọ mi, jẹ́ kí n mí ná."