Búùtù Kọ́pà Kò Bá Pẹ́dàlì Gìtá Mi Mu

Ẹ wá gbọ́ o, láìwọ bàtà ni mo ta gìtá níwájú odindi ilé ìwé ní Jiddari Polo níhìn-ín ní àríwá lónìí!

Àwọn ọmọ ń jó lọ́wọ́, mo fẹ́ yí ohùn gìtá padà. Ẹ mọ pẹ́dàlì mi, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn. Àwọn tó ṣe é to bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ra bí eyín! Mo fi búùtù kọ́pà tẹ ẹyọ kan, méjì ló wọlé. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gìtá lẹ́nu. Mo tún un tẹ̀, pàbó.

Ràfíù, kọ́pà ẹlẹgbẹ́ mi tó ń tẹ dùrù, pariwo: "Bọ́ bàtà ẹ! Ṣé o ò dé mọ́sáláṣí rí ni?"

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí!"

"Wallahi, bọ́ ọ!"

Mo bọ́ ọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi bọ́ sórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo, gìtá bá ké goooro! Inú Ràfíù dùn débi pé òun náà bọ́ tiẹ̀.

Àfi bí ọ̀gá ilé ìwé ṣe dìde láti jó, tí òun náà bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó fi Hausa sọ pé òun ò mọ̀ pé bí Yorùbá ṣe ń ṣeré nìyí. Ni gbogbo tíṣà bá ń bọ́ bàtà!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta gìtá, ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fi wọn bọ́tìnnì yìí? Ti adìyẹ?

Ta ló sì máa sọ fún ọ̀gá pé kì í ṣe àṣà wa?