Bàbá Ògúnbọ̀dé Tó Kọ́ Iná Èédú Láàwẹ̀

Ọjọ́ tí àwọn ògbógi òkè òkun wá bẹ ilé-iṣẹ́ iná èédú wò lọ́nà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni òkìkí Bàbá Ògúnbọ̀dé, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń darí iná níbẹ̀, kàn. Èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀, iná mànàmáná tó ń tibẹ̀ wá ló sì ń mú ẹja dì ní yàrá òtútù ńlá tó wà nítòsí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to sólà sórí gbogbo òrùlé ni. Bàṣírát, ọ̀dọ́bìnrin ẹnjiníà tó ń bójú tó sólà, fẹ́ kí iná èédú rẹlẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, kó sì tètè dìde bí oòrùn bá wọ̀. Àwọn àlejò mirí. Wọ́n ní bó bá rẹlẹ̀ ju ìdajì lọ, yóò kú pátápátá; kí wọ́n kúkú tú sólà náà kúrò.

“Ohun tí ìwé ẹ̀rọ yìí sọ nìyẹn,” ni ọ̀gá wọn wí.

“Àwọn tó kọ ìwé náà ńkọ́?” ni Bàbá bi í. “Ọdún mélòó ni wọ́n fi bá a gbé?”

Òun ti bá a gbé fún ọdún méjìlélógún. Nínú ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń lọ èédú, ó pa ọ̀kan, ó fetí sí ara bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí iná náà ń hó omi inú rẹ̀, ó dúró pẹ́. Ó pa èkejì. Ọwọ́ aago tó ń wọn agbára iná ń sọ̀ kalẹ̀: ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta, títí tó fi dé ìdá kan nínú márùn-ún. Bàṣírát yọjú wo ihò tí wọ́n fi ń wo iná. Iná náà kéré, ṣùgbọ́n kò mì rárá, ó dúró ṣinṣin. Ẹnu ọmọbìnrin náà kò lè padé mọ́. Ọ̀gá àwọn àlejò ṣí akoto orí rẹ̀ bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ rọra o,” ni Bàbá wí. “Ààwẹ̀ ló ń gbà.”

Kì í kọjá lára bọ́ílà láàárọ̀ kó má kí i: “Màmá, ẹ káàárọ̀ o.” Ẹni tó bá sáré mú un gbóná, Bàbá á kígbe mọ́ ọn pé bí wọ́n bá jí àgbà lójijì, egungun rẹ̀ á sán. Bàṣírát ń fi í rẹ́rìn-ín títí di ìgbà tó ka àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà tó sì rí i pé páìpù kan ṣoṣo kò là rí lásìkò iṣẹ́ Bàbá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ń ta yẹ́ríyẹ́rí, Bàbá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná sókè.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ̀ ń fi èédú ṣòfò! Fóònù mi ní kò sí òjò lónìí.”

Bàbá ń fọwọ́ pa orúnkún. “Fóònù rẹ ò ní orúnkún.”

Kò tó ogún ìṣẹ́jú, òjò ṣú láti ojú òkun, ojú ọjọ́ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Sólà dákẹ́ lójijì. Èédú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, gílóòbù kan kò sì ṣẹ́jú. Bàṣírát dúró sábẹ́ gílóòbù náà, ó ń wò ó. Gbogbo ìwé tó kà, kò sí èyí tó kọ́ ọ nírú ẹ̀.

Síbẹ̀ kò ṣíwọ́ bíbá Bàbá jiyàn. Ó fi ìṣirò já a, Bàbá náà fi ìrírí já a, wọ́n á sì jọ jẹ̀pà lórí ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá sùn nílé rẹ̀ ní Addo, kò jí mọ́. Bàṣírát lọ kí ẹbí. Fúnláyọ̀, àkọ́bí olóògbé, dì í mú lẹ́nu ọ̀nà.

“Àbí ẹ̀yin lẹ máa ń bá Dádì jiyàn níbi iṣẹ́?”

Ojú ti Bàṣírát. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, mà.”

“Ìbínú kẹ̀? Ẹ dìde jàre. Bí wọ́n bá ti délé, ọ̀rọ̀ yín ni oúnjẹ alẹ́ wa. Wọ́n ní àríyànjiyàn yín ni kì í jẹ́ kí àwọn darúgbó.”

Bàṣírát bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di omijé, Fúnláyọ̀ sì fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì jọ wọlé.