Àgùàlà Kì Í Ṣẹ́jú

Iná ń ta pàràpàrà lábẹ́ ìkòkò irú, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo agbo ilé, nígbà tí ìyá àgbà mi na ọmọrogùn sójú ọ̀run. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni.

"Nínú gbogbo èyí tó ń tàn yẹn, èwo ni kì í ṣẹ́jú?"

Mo wòkè títí ọrùn fi ń dùn mí. Àwọn kéékèèké ń ṣẹ́jú bí ẹni tí èéfín kó sí lójú. Òṣùpá tó ti joro kò ṣẹ́jú. Èyí tó mọ́lẹ̀ rokoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kò ṣẹ́jú.

"Àgùàlà ni, Màmá."

"Káre! Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àwọn ìràwọ̀ kì í kúrò láàárín ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n alárìnkiri ni tiẹ̀. Nígbà mìíràn ìrọ̀lẹ́ ló ń yọ, nígbà mìíràn àfẹ̀mọ́júmọ́."

Wọ́n fa ẹ̀yinná kan jáde, wọ́n gbé ọmọrí ìkòkò tó ń dán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Eléyìí ní iná nínú. Ọmọrí yìí kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ ẹlòmíràn ni, bíi ti Àgùàlà." Ìyá àgbà mi kò kàwé rí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí irú kúrò lórí iná.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tíṣà wa fẹ́ mú ẹnì kan tí yóò ṣojú ilé ìwé wa níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì. Ó ku èmi àti ọmọkùnrin olùkọ́ yunifásítì kan. Mo fẹ́ lọ débi pé n kò lè jẹun. Tíṣà ní kí a dárúkọ ìràwọ̀ kan tó máa ń yọ láàárọ̀.

"Àgùàlà!" ni ọmọkùnrin náà wí. Tíṣà ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́wọ́ nígbà tí mo dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, Àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀. Kì í ṣẹ́jú."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Màmá mi tó ń se irú."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. N kò jókòó. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Tíṣà ni, pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà mi, wọ́n wòkè, wọ́n nu ojú, wọ́n tún wòkè. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sójú ìwé. Ó wà níbẹ̀: pílánẹ́ẹ̀tì ni, oòrùn ló ń fún un ní ìmọ́lẹ̀, bó ṣe ń fún òṣùpá.

"Màmá, ọmọ yín ló jàre. Òun ló máa lọ."

"Mo mọ̀," ni ìyá àgbà mi wí. "Ẹ jókòó, tíṣà. Ẹ̀kọ́ ò tíì tán."

Mo lọ, mo sì gba ipò kìíní. Ìyá àgbà mi jó yí ìkòkò irú ká títí gèlè fi bọ́.

Èmi náà ń kọ́ni ní Ẹdẹ báyìí. Bí ọmọ kan bá dìde ta kò mí, mo máa ń bi í bóyá ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, n óò pa ìwé dé, n óò ní kó mú mi lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ ti borí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo jó.