Ìsinmi Tí Sọ̀fíyàt Ń Wá

Sọ̀fíyàt lè gbé irin tó wúwo ju bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún bàbá náà kó yé e pé ara ń fẹ́ ìsinmi. Attécoubé, ní ilẹ̀ òkèèrè, ni wọ́n bí i sí, àmọ́ inú ṣọ́ọ̀bù ìkòkò bàbá rẹ̀, Alàájì Àrìmíyàù ará Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọjà Adjamé nílùú kan náà, ló dàgbà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ọmọ náà lágbára, torí ìdì ìkòkò tí ọkùnrin ń rojú sí, òun á kàn gbé e rù ni. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba mẹ́dàlì nídìí irin gbígbé, bàbá rẹ̀ ṣòfin kan: ọjọ́ tí Sọ̀fíyàt bá ń lọ gbé irin, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ̀ ọ́.

Òfin tó dáa ni. Àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tí kò bá lọ.

Joël, tó ń kọ́ ọ, ti ṣàlàyé títí. Ó ní ọjọ́ tí èèyàn gbé irin kọ́ ni iṣan ń le, ọjọ́ tó bá sinmi ni; bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì ló rí, bí o bá pò ó tán tí o ò fi í sílẹ̀ kó wú, òkúta lo máa jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín ọjọ́ irin. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi Sọ̀fíyàt gan-an ni gbogbo ayé máa ń rántí rẹ̀. Aládùúgbò fẹ́ kó ẹrù, wọn á ní, "Ṣebí Sọ̀fí ò lọ síbì kankan lónìí?" Wọ́n ń sọmọ lórúkọ, òun ni wọ́n ń pè wá sọ ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀ lórí iná. Ẹni tó bá lágbára láàárín wa, ó ti di kẹ̀kẹ́ àjùmọ̀ní nìyẹn. Ó máa ń bí mi nínú.

Èjìká òsì rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbà tí ìdíje ńlá ku ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí wọ́n fẹ́ fi yan àwọn tó máa ṣojú orílẹ̀-èdè. Joël ní kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun títí di ọjọ́ náà. Bí èjìká yẹn bá sinmi, wọ́n máa yàn án. Bí kò bá sinmi, ó parí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kóńténà ìkòkò Alàájì jáde ní pọ́ọ̀tù.

"Papa," ni Sọ̀fíyàt wí, "coach ní semaine yìí, repos ni. Kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan."

"Repos kí ni? Ṣé àìsàn ń ṣe ẹ́ ni?"

"Rárá, Papa."

"Alihamudulilai! Ara ẹ le, o ò lọ síbi irin, ẹrù sì dé. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é. Iṣẹ́ kì í pààyàn, Sọ̀fí."

Ẹ̀rín ló ń rín, kò bínú rárá, ìyẹn ló sì burú jù. Bàbá tó ń bínú, èèyàn lè wá àgbà lọ bẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń fi ọmọ yangàn, ta lo máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn fún?

Ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó parọ́ pé Joël ti yí ọ̀rọ̀ padà, òun ń lọ gbé irin. Ó lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbé irin lẹ́bàá ọ̀sà, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn irin náà, ó sì sùn. Ẹ wo ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń wá ìsinmi! Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, títí èjìká náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dùn ún mọ́.

Ọ̀la ni ìdíje, ni Sọ̀fíyàt bá gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun láásàrì. Joël ò sí níbẹ̀. Inú Alàájì dùn débi pé ó kó àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá, kí wọ́n wá wo ọmọ òun lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì ṣàdúà fún un. Sọ̀fíyàt fò dìde, àpá ẹní ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni Alàájì wí, "gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ló fi ń gbé e, kò sinmi! Sọ̀fí, gbé e kí àwọn bàbá ẹ rí i."

Kí ló fẹ́ sọ? Bó bá ní òun ò gbé irin kankan láti ọjọ́ yìí, bàbá rẹ̀ á tẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹfun pa ọwọ́. Ó gbé irin náà dé àyà, ó sì tì í sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ké Allahu Akbar. Àgbà kan tó ń wá fóònù rẹ̀ nínú àpò agbádá ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tún un ṣe. Mi ò rí fọ́tò yà."

Ó tún un ṣe. Èjìká náà dún pàú, irin já lulẹ̀.

Dókítà ní iṣan ti já, kò sì ní gbé ohun tó wúwo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lọ́jọ́ ìdíje, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni Sọ̀fíyàt jókòó sí, ó so apá kọ́ ọrùn. Alàájì fúnra rẹ̀ ló fi tìmùtìmù tì í lẹ́yìn, ó sì ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu.

"Sinmi dáadáa, màmá mi," ló wí. "Ara ló ni iṣẹ́. Ẹni tí ò bá sinmi, kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́."

Sọ̀fíyàt wò ó, ó sì bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ sáré lọ wá oògùn, ó rò pé èjìká ló ń dùn ún.