Kọ́kọ́rọ́ Kànga Bàbá Ìjọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Gari, Zaria, kò sí ìjọ tó fẹ́ràn òtòṣì bíi tiwa. Ẹ má rò pé mò ń purọ́. Lọ́dọọdún, bó bá ku Ọjọ́ Ìsinmi kan kí Kérésìmesì dé, a máa ń ṣe Ìsìn Àánú. Wọ́n á to àwọn opó sí ìlà iwájú, wọ́n á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Opó á kúnlẹ̀, á gba abọ́ ìrẹsì kan, wọ́n á wá gbé máíkì sí i lẹ́nu kó ṣàdúrà fún ẹni tó fún un. Ẹni tí àdúrà rẹ̀ bá gùn, àmín tirẹ̀ á ròkè. Ẹni tó bá ṣe tiẹ̀ ní ṣókí, wọ́n á ní kò moore.

Ìyá mi wà lára àwọn opó náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi ti wá, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí mi sí, Hausa ló sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu jù. Tíṣà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè bí mo bá fi Hausa ka ẹsẹ Bíbélì, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run kò gbọ́ Hausa.

Bàbá Ìjọ ló ń fún àwọn opó ní ìrẹsì. Àwọn náà ni onílé wa. Èèyàn dáadáa ni Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù, wọ́n máa ń fi àgádágodo ti kànga tó wà láàárín ọgbà wa. Wọ́n ní kí ọmọdé má baà já sínú rẹ̀ ni. A dúpẹ́. Mamman, mai ruwa tó ń bá wọn ta omi, nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún láràárọ̀. Mamman á fa omi kún garawa méjì, á fi ọ̀pá gbé wọn lé èjìká, á rin ẹsẹ̀ mẹ́wàá dé ẹnu ọ̀nà wa, á wá kígbe “Ruwa!” bí ẹni tó ti Kano rìn bọ̀. Ẹ̀rín a máa pa òun náà.

Aṣọ ni ìyá mi ń fọ̀ fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Samaru. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí aṣọ ayé ìgbà náà, ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn. Bí ìyá mi bá ń se sítáàṣì lórí iná, ó máa ń jọ ògì lójú mi. Mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fi igi tí wọ́n fi ń rò ó gbá mi ní ìdí. Èmi ni mò ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, n ó máa fi kósáì, àkàrà àwọn Hausa, panu ní gbígbóná. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi bá rí nídìí aṣọ, omi ló ń gbé e lọ, ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjọ ni omi sì ń gbé e lọ. Bó bá di Kérésìmesì, díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà wá bá wa nínú abọ́ ìrẹsì, a ó kúnlẹ̀, a ó dúpẹ́.

Ọdún kan wá tí ọyẹ́ mú gan-an, tí omi wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi lódò tó wà lẹ́yìn rélùwéè kí n tó lọ sílé ìwé. Bí mo bá dé, wọ́n ti kọrin àárọ̀ tán, ẹgba ló ń kí mi káàárọ̀. Síbẹ̀ omi kò tó, aṣọ kò yá, oníbàárà méjì sì kó aṣọ wọn lọ. Ìyá mi pè mí jókòó. Wọ́n ní bí nǹkan kò bá yí padà kí ọdún tuntun tó dé, n ó fi ilé ìwé sílẹ̀, n ó lọ máa bá àbúrò bàbá mi yan gàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kò sóhun tí mo fẹ́ràn tó ilé ìwé, tẹgbatẹgba rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi lọ bẹ Bàbá Ìjọ pé kí wọ́n ṣí kànga fún ará ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fún un ní ìdáhùn kan náà: “Lọ gbàdúrà sí i, Ìyá Rúùtù. Kò sóhun tí àdúrà ò lè ṣe.” Bí ìyá mi bá dé ilé, wọ́n á ní Ọlọ́run tó ń rọ̀jò kò fi àgádágodo sójú ọ̀run.

Ọjọ́ Ìsìn Àánú pé. Wọ́n pe ìyá mi. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n gba ìrẹsì, wọ́n gba máíkì. Wọ́n ní, “Olúwa ò ní jẹ́ kí Bàbá Ìjọ mọ ebi.” Ìjọ ní, “Àmín.” “Ilé wọn ò ní jó.” “Àmín.” “A ò ní fẹ́ wọn kù láwùjọ wa.” “Àmín.” Ẹ sì mọ bí àmín ṣe rí, bó bá ti wọ ẹsẹ̀, ẹnu nìkan ló ń ṣe é, etí ti lọ sinmi. Ìyá mi kò sinmi. “Olúwa á fọwọ́ tọ́ ọkàn wọn, kí wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ kànga lé àwa opó lọ́wọ́ lọ́la òde yìí!” “Àmííín!” Ti Bàbá Ìjọ ló dún jù, torí wọ́n ti kọjú sí ẹni tó ń ya fótò.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Ìjọ. Pásítọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pẹ́ tó dé, fi áńkáṣífù bo ẹnu. Nígbà tó yá, pásítọ̀ ní ìjọ ti ṣe àmín, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba àmín padà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kejì, opó méje tòun ti korobá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ìjọ, wọ́n ní àwọn wá bá wọn dúpẹ́ àdúrà tó gbà. Bàbá Ìjọ pẹ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ jáde. Ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa ni wọ́n fi kọ́, ẹni tó bá fẹ́ pọnmi á mú un. Èmi dúró sílé ìwé. Mamman wá ń gbé omi lọ síbi tó jìnnà lóòótọ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé pásítọ̀ yẹn lọ sí ìlú mìíràn. Láti ọdún kejì, opó kankan kò fọwọ́ kan máíkì mọ́, àwọn alàgbà ló ń bá wọn ṣàdúrà ìmoore.

Ayé ti yí padà báyìí. Àpò tí wọ́n ya àwòrán olóore sí la fi ń pín ìrẹsì. Hanwa, níbí ní Zaria, ni mò ń gbé, mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sílé, mo sì fa ẹnu ẹ̀rọ kan síta fún àwọn ará àdúgbò. Mo fi àgádágodo kékeré sí i lẹ́nu, kí àwọn ọmọdé má baà fi omi ṣòfò ni.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, èmi ni olóore ìjọ wa. Wọ́n ka orúkọ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ní kí ìyá mi, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, wá ṣàdúrà fún mi. Ìyá mi dìde, wọ́n wúkọ́, wọ́n di máíkì mú. Wọ́n ní, “Olúwa ò ní jẹ́ kí ọmọ mi mọ ebi.” Gbogbo ìjọ ní, “Àmín.” Èmi nìkan ni mo panu mọ́. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì mi.