Omi Tí A Fi Parí Ìjà

Lánàá, bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé wa ní Ìgandò, mo gbọ́ ohùn Tóyìn, ọmọ ọmọ mi, láti inú pálọ̀. Ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi oògùn àtijọ́ tọ́jú egbò àwọn aláìsàn kan, wọ́n fi tuntun tọ́jú ti àwọn mìíràn, wọ́n sì fẹ́ mọ èyí tó ń tètè jiná. Ó ní, "P wa ti tóbi jù. Kọ ọ́ síbẹ̀ jàre pé kò sí ìyàtọ̀." Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ "kò sí ìyàtọ̀" yẹn, mo ṣì ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Múlíkà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi eyín ya ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ẹ ò lè mọ ohun tí kànga jẹ́ fún wa. Ní àgbàlá tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé, kànga méjì la ní. Ti iwájú jẹ́ ti onílé. Ti ẹ̀yìn, bàbá Múlíkà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, ó sì máa ń fi yangàn. Omi rẹ̀ tutù, ó mọ́ gaara. Èmi àti Múlíkà á da orí kodò sí i, a ó pe orúkọ ara wa sínú rẹ̀, a ó sì máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń dá wa lóhùn, títí ìyá mi á fi mú ìgbálẹ̀ lé wa.

Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn ìyá wò ó títí, wọ́n ní àwọn tó ń mu omi ẹ̀yìn ni àìsàn náà ń mú jù. Kò pẹ́ tí wọn ò fi kí bàbá Múlíkà mọ́. Ọkùnrin náà rù. Ó ní kí ọmọ òun máa mu omi iwájú, ó sì ní òun á fi yanrìn dí kànga náà pa.

Ayálégbé kan tí gbogbo wa ń pè ní Tísà, tó ń kọ́ni ní ìṣirò, ló ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ èyí tó yẹ ogunlọ́gọ̀ èèyàn kò yẹ àgbàlá tí ọmọ rẹ̀ ò pé ogún. Ó wá ṣa èkùrọ́, ẹyọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun àwọn tó dúró fún aláìsàn. Ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú igbá, ó ní kí èmi àti Múlíkà dijú, ká pín in sí òkìtì méjì, bíi kànga méjì, kí òkìtì kọ̀ọ̀kan ní iye ọmọ tó ń mu omi kànga tirẹ̀. A pín in, a tún un pín, títí ọwọ́ fi ń ro wá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mu omi kankan, òkìtì kan á kó àwọn oníṣọ́ọ̀kì jọ bí kànga ẹ̀yìn ṣe kó àwọn aláìsàn jọ. Bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra tó, òun ni àwọn Tóyìn ń pè ní p; bó bá ti tóbi, ó lè jẹ́ kòńgẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Tísà sọ fún àwọn àgbà pé, "Ká ní omi méjèèjì ò yàtọ̀ rárá, kòńgẹ́ lásán ṣì lè fún wa ní irú ohun tí a rí yìí. Ẹ̀rí ò tó láti dá kànga yìí lẹ́bi." Ó fi kún un pé òun ò sọ pé omi náà dára o, àwọn ọmọ ló kéré níye, kí wọ́n máa se omi náà kí wọ́n tó mu ún, kí wọ́n sì pe wolé-wolé wá wò ó. Ta ló dúró gbọ́ ìyẹn? Màmá Aládùúrà, ayálégbé bíi tirẹ̀, ti ń lu aago ọpẹ́. Ní àgbàlá wa, ẹni tí ẹjọ́ ò bá dá lẹ́bi ti jàre nìyẹn, àwọn tó fẹ̀sùn kàn án sì gbọ́dọ̀ bá a jẹ, kí wọ́n bá a mu, kí inú rẹ̀ lè yọ́. Bàbá onílé dìde, ó ní, "Tísà ti sọ ọ́, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi omi rẹ̀ parí ìjà."

Wọ́n fa omi. Múlíkà ló gba ife àkọ́kọ́. Ó mu ún tán, ó da ife dojú délẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i, ó sì ń wo bàbá rẹ̀, tí omi ayọ̀ ti lé sójú. Mo jowú pé èmi kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bu omi fún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ìgbẹ́ gbuuru fi mú un. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e bọ̀. Bàbá rẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ṣọ́bìrì, ó ń da yanrìn sínú kànga, ìró yanrìn yẹn ò sì kúrò létí mi títí dòní. Wolé-wolé dé nígbẹ̀yìn, ó ní ṣáláńgá tó wà lẹ́yìn ògiri ti sún mọ́ kànga náà jù. Tísà jókòó ti igbá èkùrọ́ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ṣáá pé, "Mi ò rí i ni mo wí. Mi ò ní kò sí níbẹ̀."

N kò lè búra pé omi yẹn ló pa Múlíkà. Àwọn mìíràn mu ún, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo pàdánù rẹ̀, mo sì ti dàgbà kọjá ìyá rẹ̀ báyìí. Ilé ti bo igbó Ẹ̀gbẹ́dá, bóhòlù ti gba ipò kànga. Àmọ́ etí wa ò yí padà: èyí tó bá dùn nínú ọ̀rọ̀ la ṣì ń gbọ́, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Mo pe Tóyìn jáde. Mo bi í bóyá àwọn aláìsàn wọn pọ̀. Ó ní wọn ò pọ̀. Mo ní, ṣé kò sí ìyàtọ̀ ni, àbí ẹ̀yin lẹ ò rí i? Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa ìlà yẹn rẹ́, kó kọ ọ́ pé ẹ̀rí àwọn kò tó. Lẹ́yìn náà ó yọjú lójú fèrèsé.

"Màmá, ta ló kọ́ yín nírú ìṣirò yìí?"

Mo ní, "Múlíkà ni."

Ó bi mí pé yunifásítì wo ló ti ń kọ́ni. Mo ní kó lọ gbé omi kaná, kó sì jẹ́ kó hó dáadáa.